Rìpíléè nínú béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: ṣé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Látìgbà tí ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá béésíbọ́ọ̀lù níléèwé ẹ̀ níbí lèmi náà ti kó wọ inú eré yìí, ará ilé tó bá wá kí wa tó sì bá wa níwájú tẹlifíṣọ̀n á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ti rìpíléè, ìyẹn kí wọ́n tún fídíò wò láti mọ̀ bóyá rẹfirí ṣì í, torí wọ́n á kàn rí i pé eré dúró, àwọn rẹfirí gbé hẹ́dfóònù sétí, gbogbo èèyàn ń wo síkírínì ńlá. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn nìyí, mo kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Mi ò mọ béésíbọ́ọ̀lù rárá o. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi?

Díẹ̀ ló máa tó. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, pitcher là ń pè é, ẹnì kan dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́ tó fẹ́ gbá a, catcher lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán an. Tí onígi bá gbá a, kó sáré dé béèsì kìíní kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, tó bá ṣáájú ó ti safe nìyẹn, tí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú ẹ̀ ó ti out. Tó bá yí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká tó padà wọlé sí home plate, ìyẹn ibi tí onígi ti ń gbá, tíìmù ẹ̀ ti gba àmì kan. Bọ́ọ̀lù tó bá gba ibi tó yẹ kí onígi ti lè gbá a, tàbí tó bá fì igi tí kò bá a, strike ni, strike mẹ́ta ló ń sọ ọ́ di out, èyí tó bá gba ìta ni ball. Tí out bá pé mẹ́ta, tíìmù kejì á gba igi. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, inning ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ́ńpáyà ni wọ́n ń pe rẹfirí tiwọn, mẹ́rin ló máa ń wà lórí pápá, tó bá di ìdíje ìparí ọdún wọ́n á di mẹ́fà. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù lè jọ dé béèsì tó fi jẹ́ pé ojú lásán ò lè mọ èyí tó ṣáájú, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa dá ẹjọ́ yẹn, lójú ẹsẹ̀, níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn.

Ìgbà wo ni rìpíléè wọ inú ẹ̀?

Oṣù kẹjọ ọdún 2008, home run nìkan, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí onígi gbá kọjá ògiri pápá, ló sì wà fún: ṣé bọ́ọ̀lù kọjá ògiri àbí kò kọjá, ṣé inú ìlà ló gbà àbí ìta, ṣé òǹwòran nawọ́ kàn án. Bọ́ọ̀lù tí Alex Rodriguez ti Yankees gbá ni wọ́n kọ́kọ́ tún wò, September 3 ọdún yẹn, ní Tropicana Field ní Florida, wọ́n wò ó tán wọ́n ní home run ni lóòótọ́. Ẹ rántí pé ní 1996, ọmọ ọdún 12 kan nawọ́ látorí ìjókòó ẹ̀ mú bọ́ọ̀lù tí Derek Jeter gbá, bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fún Baltimore ti ń dúró dè, ọ́ńpáyà pè é ní home run, gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe. Ọdún 1986 ni NFL, lígì fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti dán rìpíléè tiwọn wò o! Béésíbọ́ọ̀lù ń fà sẹ́yìn ni, àwọn àgbà inú ẹ̀ ń sọ pé àṣìṣe ọ́ńpáyà wà lára adùn eré. Mi ò rí adùn kankan níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kí ló wá jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 2014?

Ojú ti rí nǹkan kí wọ́n tó gbà. Àwọn àgbàlagbà St. Louis, ìlú tíìmù Cardinals, ò gbàgbé World Series 1985, ìdíje àṣekágbá ọdún. Géèmù kẹfà, inning kẹsàn-án, Cardinals ń lé iwájú 1-0, out mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n gbé ife, ni ọ́ńpáyà Don Denkinger bá sọ pé Jorge Orta ti Kansas City ti safe ní béèsì kìíní, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ti dé kó tó dé, fídíò fi hàn kedere. Kansas City gba géèmù yẹn 2-1, lọ́jọ́ kejì wọ́n na Cardinals 11-0, ife bá tibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Armando Galarraga, June 2, 2010, ní Detroit. Ọmọ Venezuela ni, pitcher Tigers, kì í ṣe gbajúgbajà rárá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ti ju bọ́ọ̀lù fún èèyàn 26 ti Cleveland, ẹyọ ẹnì kan ò dé béèsì. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló kù. Perfect game ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, látọdún 1880 títí kan ti Domingo Germán ní 2023, 24 péré ló wà nínú ìwé. Jason Donald gbá bọ́ọ̀lù, Miguel Cabrera gbé e, ó jù ú sí Galarraga tó ti sáré débẹ̀, ó hán an, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí béèsì, Donald ò tíì dé. Ni ọ́ńpáyà Jim Joyce bá na ọwọ́ méjèèjì: safe! Galarraga ò pariwo, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà síbi iṣẹ́ ẹ̀, ó sì rí out tó kù gbà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn géèmù Joyce wo fídíò, omijé bọ́ lójú ẹ̀, ó ní òun lòun gba perfect game lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó sì bẹ Galarraga fúnra ẹ̀, Galarraga dì mọ́ ọn, ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Bud Selig tó jẹ́ ọ̀gá lígì nígbà náà kọ̀, kò yí i padà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtàn yẹn dáa bó ṣe wà torí ìwà tí àwọn méjèèjì hù, mo mọ iyì ìwà yẹn, mo tiẹ̀ fi kọ́ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, èèyàn méjì ló jẹ̀yà ohun tí fídíò ìṣẹ́jú kan péré ìbá ti yanjú. Galarraga ò ju perfect game kankan mọ́ títí tó fi kúrò nínú eré.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, July 2011, Pittsburgh àti Atlanta gbá inning 19 mọ́jú, wákàtí mẹ́fà ó lé, ọ́ńpáyà wá sọ pé Julio Lugo ti Atlanta ti safe ní home plate nígbà tí catcher ti fi bọ́ọ̀lù kàn án, géèmù parí síbẹ̀. Lígì fúnra wọn jáde wá sọ pé àṣìṣe ni. Èyí ló kún gbogbo ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí?

Mánéjà kọ̀ọ̀kan ní ṣálẹ́ńjì kan, tó bá jàre ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá jẹ̀bi ó ti lọ. Ní ìdíje ìparí ọdún, méjì ni wọ́n ń fún un. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ó gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sẹ́kọ́ndì 15 ló ní láti pinnu, àwọn èèyàn ẹ̀ tó ń wo fídíò nínú á fóònù sí i pé jà á tàbí fi sílẹ̀. Ìlú New York ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ọ̀hún, gbàgede kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ́ńpáyà ẹgbẹ́ wọn jókòó síwájú síkírínì, tí àwòrán gbogbo kámẹ́rà tó wà ní pápá ń wọlé fún wọn. Láti inning kẹjọ lọ, olórí ọ́ńpáyà lè fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n tún un wò.

Ọdún àkọ́kọ́, ìyẹn 2014, wọ́n tún nǹkan wò ní ìgbà tó lé ní 1,200, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì tí wọ́n yí padà. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ná. Ẹ ro ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ní kò pọn dandan, ẹ wá ṣírò iye irọ́ tó ti wọ inú ìwé lọ tí a ò lè fọ̀ jáde mọ́.

Àwọn nǹkan wo ni wọn ò gbà kí wọ́n tún wò?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀lù tó bá kọ́kọ́ balẹ̀ níwájú ọ́ńpáyà tó dúró lẹ́bàá béèsì kìíní tàbí ìkẹta, bóyá inú ìlà ni àbí ìta, wọn kì í tún un wò, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn funfun báláú, kámẹ́rà ń wò ó! Wọn kì í tún ọ̀rọ̀ ìdínà wò lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn bóyá ẹni tó ń sáré dí ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. World Series 2019, géèmù kẹfà ní Houston, Trea Turner ti Washington sáré lọ béèsì kìíní, bọ́ọ̀lù bà á, ọ́ńpáyà ní ó sáré gba ibi tí kò yẹ, out. Àwọn ọ́ńpáyà gbé hẹ́dfóònù sétí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, gbogbo wa rò pé wọ́n ń tún un wò, àṣé òfin ò gbà kí wọ́n tún irú ẹ̀ wò rárá. Dave Martinez tó jẹ́ mánéjà Washington bínú débi pé wọ́n lé e kúrò nínú géèmù. Wọ́n padà gba géèmù yẹn ṣá, wọ́n gbé ife, lígì sì fẹ ojú ọ̀nà tí èèyàn lè sáré gbà ní 2024. Wọ́n yí òfin padà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn ò ṣeé tún wò lọ́jọ́ náà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti April 2021 ní New York. Mets àti Miami ń gbá ọ̀mì 2-2, ìparí inning kẹsàn-án, èèyàn ti wà lórí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pitcher ju bọ́ọ̀lù sí Michael Conforto, bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ wá gba inú strike, Conforto wá yọ ìgbọ̀nwọ́ síta, ó kàn án. Bọ́ọ̀lù tó bá kan onígi lára máa ń fún un ní béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òfin ní tó bá kàn án nínú strike, strike ni, kò ní béèsì. Ọ́ńpáyà fún un ní béèsì, ẹni tó wà ní béèsì kẹta rìn wọlé, Mets gba géèmù. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń wo síkírínì ní gbàgede New York, kí ni wọ́n lè wò? Bóyá bọ́ọ̀lù kàn án nìkan. Ó kàn án lóòótọ́. Bóyá inú strike ló ti kàn án, wọn ò láṣẹ láti wò ó. Ọ́ńpáyà Ron Kulpa fẹnu ara ẹ̀ sọ lẹ́yìn géèmù pé ó yẹ kóun pè é ní out, torí strike kẹta ni. Kí wá ni ìwúlò ká gbé fídíò síwájú adájọ́ ká tún fi ọwọ́ bo apá tí ẹjọ́ wà?

Ṣé ìwọ fẹ́ kí wọ́n máa tún gbogbo ẹ̀ wò nìyẹn?

Rárá. Infield fly, mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn án. Òfin yẹn wà kí ẹni tó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù má bàa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́ kó lè fi rẹ́ àwọn tó ń sáré jẹ, bí bọ́ọ̀lù ṣe wà lókè ni ọ́ńpáyà á ti kéde pé onígi ti out. Ní 2012 ní Atlanta, nígbà tí wọ́n ń gbá Cardinals, ọ́ńpáyà ké e nígbà tí bọ́ọ̀lù ti lọ jìnnà gan-an sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ láàárín èèyàn méjì, àwọn òǹwòran da ike omi àti pàǹtírí sórí pápá, géèmù dúró fún ìṣẹ́jú 19. Ó burú, mo mọ̀. Àmọ́ gbàrà tí ọ́ńpáyà bá ti gbọ́wọ́ sókè, gbogbo àwọn tó wà lórí pápá ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe nítorí ọwọ́ tó gbé sókè yẹn. Tẹ́ ẹ bá fagi lé e, ibo lẹ fẹ́ gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan sí?

Ibì kan tiẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí wọ́n dín in kù. Ẹni tó ń sáré á yọ̀ wọ béèsì kejì, á dé béèsì ṣáájú bọ́ọ̀lù láìsí àríyànjiyàn, agbára tó fi yọ̀ wá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò lórí béèsì, kó tó ṣẹ́jú, ẹni tó mú bọ́ọ̀lù sì ti fi ọwọ́ mọ́ ọn lára. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i, kò sẹ́ni tó máa dá ẹjọ́ ẹ̀. Báyìí wọ́n á dá fídíò dúró, wọ́n á fẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ti out. Kì í ṣe nítorí irú ẹ̀ la ṣe bẹ̀bẹ̀ fún rìpíléè, ó yẹ kí òfin dá ẹni tó ti dé béèsì ní tòótọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ strike àti ball ńkọ́? Mo gbọ́ pé róbọ́ọ̀tì ti gbà á.

Kò tíì gbà á tán, ṣùgbọ́n ó ti wọlé. Inú strike ni ibi tó wà lókè home plate, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 17 íńṣì, gíga ẹ̀ sì dá lórí bí onígi ṣe ga tó. Ọ́ńpáyà tó wà lẹ́yìn catcher ló máa ń fojú dá a, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní máìlì 95 ní wákàtí kan, tó tún ń yí. Kò rọrùn o, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ọ́ńpáyà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lójú. Ní 1997, nígbà tí Marlins àti Braves ń du àtiwọ World Series, Livan Hernandez, ọmọ Cuba, fi strike lé onígi 15 jáde nínú géèmù kan, bọ́ọ̀lù tó jìnnà sí home plate tọ́wọ́ onígi ò tiẹ̀ lè tó ni ọ́ńpáyà Eric Gregg ń pè ní strike. Braves ò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Wọ́n ti dán ẹ̀rọ wò ní Atlantic League látọdún 2019, lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn lígì kéékèèké, lẹ́yìn ẹ̀ ni ìgbáradì ọdún 2025 àti All-Star Game ní Atlanta lọ́dún yẹn. September 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kó wọ lígì ńlá ní 2026. ABS ni wọ́n ń pè é, kámẹ́rà 12 tó yí pápá ká ló ń tọpa bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti wọn gíga gbogbo ẹni tó ń gbá eré yìí láìwọ bàtà, òkè strike jẹ́ ìdá 53.5 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ẹ̀, ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdá 27. Ọ́ńpáyà ló ṣì ń pe gbogbo bọ́ọ̀lù, àmọ́ tíìmù kọ̀ọ̀kan ní ṣálẹ́ńjì méjì, tí wọ́n bá jàre wọn ò ní pàdánù ẹ̀. Onígi, pitcher àti catcher nìkan ló lè bẹ̀bẹ̀ fún un, mánéjà ò gbọ́dọ̀ dá sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pariwo látorí ìjókòó.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Nínú ìgbáradì 2025, díẹ̀ ju ìlàjì lọ ni wọ́n yí padà nínú èyí tí wọ́n jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì gbà ju bíi sẹ́kọ́ndì 14. Ó tún dá ọgbọ́n ọwọ́ catcher sí, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọra fa bọ́ọ̀lù wọ inú strike láìjẹ́ kí ọ́ńpáyà fura, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ. Korea ò dúró síbẹ̀ ní tiwọn, látọdún 2024 ẹ̀rọ ló ń pe gbogbo bọ́ọ̀lù ní lígì ńlá wọn, ọ́ńpáyà kàn ń gbọ́ ọ létí kó tó kéde ni.

Kí ni check swing, kí ló dé tí inú ń bí àwọn èèyàn San Francisco sí i?

Onígi á bẹ̀rẹ̀ sí í fì igi, á wá kó ara ẹ̀ dúró láàárín. Ṣé ó ti fì í àbí kò fì í? Ojú ni wọ́n fi ń dá a, ìwé òfin pàápàá ò sọ ibi pàtó tí igi gbọ́dọ̀ dé. October 14, 2021, géèmù àṣekágbá láàárín Giants ti San Francisco àti Dodgers. Giants ti gba géèmù 107 lọ́dún yẹn, Dodgers gba 106. Dodgers ń lé iwájú 2-1, ìparí inning kẹsàn-án, Giants ní ẹnì kan lórí béèsì, Wilmer Flores dá igi dúró, ọ́ńpáyà béèsì kìíní ní ó ti fì í, strike kẹta, out kẹta. Ó parí. Gbogbo wàhálà ọdún kan gbáko parí sórí ohun tí fídíò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbé e lọ. Mi ò sọ pé Flores ìbá gbá èyí tó tẹ̀ lé e o, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kó dúró gbá a.

Wọ́n ti dán ṣálẹ́ńjì fún èyí náà wò ní Arizona Fall League ní 2024. Kí wọ́n gbé e wá sí lígì ńlá. Òhun ni mo fi ṣáájú gbogbo ohun tí mò ń béèrè.

Ṣé kò ní jẹ́ kí géèmù pẹ́ jù?

Ìbẹ̀rù yẹn ti dín kù. Géèmù kan ń gbà tó wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 2022, nígbà tí wọ́n gbé aago pitcher wọlé ní 2023, tí kì í jẹ́ kí pitcher fi àkókò ṣòfò kó tó ju bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 24 ti wọlé padà. Tá a bá yọ méjì nínú ẹ̀ fún òtítọ́, kí ló kù tí à ń sunkún sí?

Ṣé kì í gba iṣẹ́ àti iyì lọ́wọ́ ọ́ńpáyà?

Ọ́ńpáyà kan náà ló jókòó ní New York, wọ́n tiẹ̀ gba èèyàn kún un nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti iyì, ẹ bi Jim Joyce. Ohun tó lọ ni ìjà mánéjà, kí àgbàlagbà máa fi ẹsẹ̀ ta iyẹ̀pẹ̀ lu ọ́ńpáyà. Bobby Cox ti Atlanta, ìgbà 158 ni wọ́n lé e jáde nínú géèmù lígì, kò sẹ́ni tó tíì bá a. Àwọn kan ń ṣàárò ẹ̀. Èmi ò ṣàárò ẹ̀, torí ariwo yẹn ò yí ẹjọ́ kankan padà rí.

Rìpíléè fúnra ẹ̀ kì í ṣì ni?

Ó máa ń ṣì. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti Conforto, April 2021 kan náà, Alec Bohm ti Philadelphia yọ̀ wọlé ní Atlanta, wọ́n ní ó safe, gbogbo fídíò tí mo wò ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ti kan home plate, New York wò ó, wọ́n ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Philadelphia gba géèmù náà 7-6. Òfin wọn ni pé tí ẹ̀rí ò bá hàn gbangba, ohun tí ọ́ńpáyà kọ́kọ́ sọ ló máa dúró. Òfin yẹn dáa, mi ò bá a jà. Ohun tí mò ń bá jà ni pé wọn kì í ṣàlàyé. Látọdún 2022 olórí ọ́ńpáyà ń fi maikirofóònù kéde ìdájọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ lásán ni, kò sí ìdí. Kí ẹni tó dá ẹjọ́ ní New York sọ̀rọ̀, kó sọ ohun tó rí àti kámẹ́rà tó ti rí i. Adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ pàápàá ń sọ ìdí.

Àbí ẹ̀ ń gbé VAR wá fún wọn ni? VAR ti sú wa o.

Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ. St. Petersburg, June 26, 2018, àwa àti Argentina, 1-1, bọ́ọ̀lù kan Marcos Rojo lọ́wọ́, rẹfirí sáré lọ wo tẹlifíṣọ̀n, ó padà dé, kò fún wa ní penalty, Rojo yẹn náà ló wá gbá góòlù tó lé wa jáde. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fi ọwọ́ Rojo hàn wá, èèyàn ló túmọ̀ ẹ̀, òfin ọwọ́ nínú bọ́ọ̀lù wa ló rọ̀ bí ẹ̀kọ. Béésíbọ́ọ̀lù yàtọ̀ níbí yìí: ẹsẹ̀ kan béèsì tàbí kò kàn án, bọ́ọ̀lù wọ strike tàbí kò wọ̀ ọ́. Eré ọ̀hún náà sì máa ń dúró lẹ́yìn gbogbo bọ́ọ̀lù, kò sí pé wọ́n ń já eré tó ń lọ gedegbe.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé rìpíléè ti fẹ́ wáyé?

Ẹ máa wo mánéjà létí ibùjókòó wọn, tó bá gbọ́wọ́ sókè tó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí fóònù látinú. Tó bá jà á, wọ́n á gbé hẹ́dfóònù wá fún ọ́ńpáyà méjì. Fún strike, látọdún 2026, onígi á fọwọ́ gbá akoto orí ẹ̀, tàbí kí pitcher tàbí catcher gbá orí tiẹ̀, kíá, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbójú sókè síbi síkírínì ńlá, ẹ máa rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ àti àpótí strike, gbogbo pápá á dákẹ́ rọ́rọ́ títí tó fi máa débẹ̀.